Ẹ̀kọ́ Ìwé, Ẹ̀kọ́ Ọwọ́

Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kéde àtúnṣe sí ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa. Lára àtúnṣe náà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà yóò ti mú ọ̀kan kò ju mẹ́fà lọ mọ́: iṣẹ́ sólà, aṣọ rírán, ìtọ́jú ẹran ọ̀sìn, irun ṣíṣe àti ìṣaralóge, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù, àti iṣẹ́ ọ̀gbìn. Nígbà tí irú ètò bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní 2011, iṣẹ́ 34 ni wọ́n tò sílẹ̀. Mo gbà pé àwọn tí ó dín in kù la ojú wọn sílẹ̀ wo ìgboro kí wọ́n tó kọ̀wé. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn lónìí, yóò rí ẹni tí ń so páńẹ̀lì mọ́ òrùlé, yóò rí télọ̀, yóò rí onídìrí, yóò sì rí ọmọ kékeré tí ó tú fóònù olówó iyebíye ká sórí tábìlì bí alápatà tí ń kun ẹran. Iṣẹ́ tí ń gbilẹ̀ ni wọ́n, owó sì wà níbẹ̀.

Ohun tí ń kọ mí lóminú kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n yàn. Ta ni yóò kọ́ni, níbo ni yóò sì ti kọ́ni? Iṣẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó ti ní ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kí ìjọba tó rántí wọn. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní pátákó ìkọ̀wé, kò sì sí alábẹ̀wò tí ń yọjú síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá ni. Láàárín ilé ẹ̀kọ́ yìí àti ilé ẹ̀kọ́ kejì, èyí tí ó ní agogo àti yunifọ́ọ̀mù, títì lásán ni ó wà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí odò tí ó fẹ̀ tó títì náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àjàyí Crowther kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sàró pẹ̀lú ìwé tí ó ń kà níbẹ̀. Ní 1908 ni ilé ìkọ́ṣẹ́ tí a fi sọrí R. B. Blaize bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta láti inú ogún tí olówó náà fi sílẹ̀. Ní 1986 ni ìjọba dá àjọ tí a mọ̀ sí NDE sílẹ̀, tí ó ń fa àwọn ọ̀dọ́ lé àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Nínú gbogbo ètò ìjọba, èyí nìkan ni mo rántí pé ó gbà tọkàntọkàn pé ṣọ́ọ̀bù wà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣojú mi kòró ni ti ètò 6-3-3-4, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1982.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí nígbà náà ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò níí dárúkọ. Ní ọjọ́ kan ọkọ̀ akẹ́rù kan wọlé, ó kó àpótí onígi ńláńlá wá, irú èyí tí ó wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí láyé ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ ni ó wà nínú wọn: ẹ̀rọ tí ń yí irin, ẹ̀rọ tí ń lu irin, èyí tí ń rẹ́ pákó. Mo wà lára àwọn tí ó ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti já a sílẹ̀. A kò ní ilé tí ó tóbi tó láti gbé e sí, a kò ní iná tí ó lágbára tó láti gbé e ṣiṣẹ́, a kò sì ní olùkọ́ tí ó fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí a tì í mọ́ yàrá ìkẹrùsí. Ní ìtòsí yàrá náà gan-an, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ń fi ẹfun ya àwòrán ẹ̀rọ tí ń yí irin sára pátákó, àwọn ọmọ ń dà á kọ.

Wẹ́dà kan wà ní òdìkejì títì, tí ó ń rọ géètì àti ojú fèrèsé. Ó gbọ́ nípa àpótí náà, ó sì wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí n kàn wò ó ni." Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ẹni tí ó kàwé. Èmi náà wà ní ọ́fíìsì níbẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Ó tó ogójì ọdún báyìí, mo ṣì ń wo ìwo ara mi níbi tí mo jókòó sí ní ọjọ́ náà. Ọkùnrin yìí nìkan ni ó lè mọ ohun tí ẹ̀rọ náà wà fún láàárín ibùsọ̀ méjì sí wa. Ẹ̀rọ náà dógùn-ún. Adìẹ olùṣọ́ máa ń yé sí abẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kí á tó bá ìjọba wí jù, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ ní ilẹ̀ wa gan-an, nítorí pé àwọn tí ń yìn ín lórí pẹpẹ ìpàdé kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Inú iṣẹ́ ọnà ni ẹ̀rí rẹ̀ ti hàn jù. Lámidì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ jẹ́ ọmọ ìdílé agbẹ́gilére ní Ìlá-Ọ̀ràngún. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń sọ pé ọlọ́nà dé. Ẹni tí a bí sínú igi àti ọ̀bẹ báyìí, ènìyàn lè rò pé kò nílò ọ̀gá kankan lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní òpin àwọn ọdún 1940, Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni ó gbà lọ láti di ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ Bándélé, ní ṣọ́ọ̀bù tí àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll, ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti 1947. Bándélé yìí, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì-Ìlọrin ni, ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére tí ó ga jù lọ ní ọ̀rúndún tí ó kọjá. Síbẹ̀, kì í ṣe abẹ́ bàbá rẹ̀ ni òun náà ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ níṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ.

Àṣà yìí jinlẹ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Bàbá tí ó mọ iṣẹ́ ni í gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ìfẹ́ má baà dí ìbáwí lọ́wọ́, kí ọmọ sì lè mọ̀ pé iṣẹ́ kì í ṣe ogún tí a ń jẹ. Àwọn tí ń sọ pé ìdílé nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ Yorùbá ń gbà kọjá kò wò ó dé ìdí. Ìdílé ni í fún ọmọ ní orúkọ àti oríkì. Ọ̀gá ni í fún un ní ọwọ́.

Báwo ni ọ̀gá ṣe ń fún un? Àwọn agbẹ́gilére wa ní orúkọ fún ìpele mẹ́rin tí igi ń là kọjá kí ó tó di ère. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké la orí, àyà àti ẹsẹ̀ jáde nínú ìtì igi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àlétúnlé, tí ojú, etí àti ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Lẹ́yìn èyí ni dídán. Ìgbẹ̀yìn ni fínfín, tí ọ̀bẹ ti ń kọ ilà àti irun. Ọ̀gá ni í sábà lé ọnà. Ìdí dídán ni wọ́n máa ń mú ọmọ iṣẹ́ tuntun jókòó sí. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ìparí iṣẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa padà sẹ́yìn lọ́dọọdún títí yóò fi dé orísun. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí lọ́dọ̀ télọ̀. Bọ́tìnnì ni ọmọ kọ́kọ́ ń gbá, etí aṣọ ni ó kọ́kọ́ ń ká, yóò pẹ́ kí ó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ohun tí yóò sì kẹ́yìn ni kí wọ́n gbé sáàsì lé e lọ́wọ́ kí ó gé aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá ba etí aṣọ jẹ́, a lè tú u. Bí ó bá gé e kù, gbèsè ni. Ó sì ti rí aṣọ tí ó parí nígbà ọgọ́rùn-ún kí ó tó di pé òun náà dá ọ̀kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwé ń gba ọ̀nà kejì. Orírun àti ìtumọ̀ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, yóò ka ẹ̀yà, yóò ka àǹfààní àti àléébù, ìdánwò yóò sì dé kí ó tó kan ìgbà tí ọwọ́ yóò ba nǹkan. Mo rí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ aládùúgbò mi kan tí ó mú iṣẹ́ sólà. Ìtumọ̀ sólà wà níbẹ̀, àǹfààní rẹ̀ méje wà níbẹ̀, a sì fi pẹ́ńsù ìkọ̀wé aláwọ̀ ya oòrùn tí ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í léèrè bóyá ó ti fọwọ́ kan páńẹ̀lì rí. Ó ní èyí tí ó wà ní òrùlé ilé ìjọsìn wọn, òun máa ń wò ó láti ìsàlẹ̀. (Ọmọbìnrin ni. Kíláàsì irun ni olùkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ rẹ̀ sí kí ó tó lọ bẹ̀bẹ̀. Kò sí ohun tí ó wà nínú ìwé ìjọba tí ó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò máa ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí a kò bá ṣọ́ra.)

Èmi kò gbè sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù pátápátá o. Bí gígé bá jẹ́ orí iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ọ̀gá burúkú ti ń fi nǹkan pamọ́. Ta ni kò mọ ọ̀gá télọ̀ tí í rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra gúgúrú gẹ́lẹ́ ní àkókò tí ó bá fẹ́ gé ọrùn bùbá? Àdéhùn ọdún mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ sí, ọdún kan nínú rẹ̀ a lọ sí omi pípọn, aṣọ ìyàwó ọ̀gá fífọ̀ àti ọmọ ọ̀gá gbígbé lọ sí ilé ìwé. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ìwà ni. Apá kan rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Apá tí ó kù, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ fún mi bí fífọ mọ́tò ṣe ń kọ́ ènìyàn ní àtúnṣe fóònù.

Ẹ wá wo ayẹyẹ ìyọ̀ǹda, èyí tí gbogbo ìgboro ń pè ní fúríídọ̀ọ̀mù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege ní yunifásítì kankan tí ó wú mi lórí tó o. Ọmọ iṣẹ́ yóò wọ aṣọ funfun, yóò kúnlẹ̀, ọ̀gá yóò gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́ níṣojú òbí, yóò sì ṣàdúrà pé ọwọ́ rẹ̀ kò níí gbẹ. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ oníṣẹ́ yóò jókòó sí tábìlì gíga. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé ìwé ẹ̀rí jáde nínú férémù, pẹ̀lú àwòrán ọmọ náà ní igun kan. Mo ti ka púpọ̀ nínú àwọn ìwé ẹ̀rí yìí. Orúkọ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ó wọṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó parí rẹ̀ wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó sọ ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Iye ọdún tí ó fi sìn ni ìwé náà ń jẹ́rìí sí. Owó tí àwọn òbí fi ra ìyọ̀ǹda náà, pẹ̀lú ọtí, oúnjẹ àti owó ẹgbẹ́, a sì máa tó ohun tí ọmọ ìbá fi ra irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo mọ àwọn tí ó parí iṣẹ́ tí wọ́n tún sin ọ̀gá ní ọdún kan sí i nítorí pé wọn kò rí owó ayẹyẹ.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí ó ní ẹjọ́ nínú rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe pẹ̀lú HND nínú ẹ̀kọ́ iná mànàmáná, ó sì sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ní 2022 ó dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìbàdàn, ó ní, "Bàbá Ìbàdàn, mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ sólà." Ìyá rẹ̀ sunkún lórí fóònù. Ọ̀gá tí ó fẹ́ lọ bá kò kọjá ìwé mẹ́ta girama, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju ọmọ náà lọ. Èmi tí mo ti ń kọ̀wé nípa iyì iṣẹ́ ọwọ́ láti ìgbà pípẹ́, ojú tì mí. Mo bá a lọ fọwọ́ sí àdéhùn ọdún méjì, mo sì dúró sí ẹ̀yìn kí ẹni tí ó mọ̀ mí má baà kọjá.

Ilé mi ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ tí ó pa wá pọ̀. Ínfátà kékeré kan ni, onífóòtì 12, bátìrì ńlá kan, páńẹ̀lì mẹ́rin. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí fáànù, tẹlifíṣàn àti fíríìsà ń ṣiṣẹ́ pọ̀, òórùn rọ́bà jíjó gba pálọ̀ mi. Wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ínfátà ti gbóná débi pé awọ rẹ̀ ń yọ́. Ọ̀gá dé ní òwúrọ̀, ó fọwọ́ kan wáyà, kò jiyàn, ó tú u, ó fi èyí tí ó nípọn tó ìka ọwọ́ rọ́pò. Mo ní, "Kí ló fà á?" Ó ní, "Bàbá, fóòtì kékeré ló ń jẹ wáyà ńlá." Mo ní kí ló dé tí ó fi ń jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọ yàrá, ó mú bébà wá. Ó ní bí gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé bá ń fa 1,000 wáàtì, tí bátìrì sì jẹ́ fóòtì 12, ohun tí yóò máa gba inú wáyà kọjá yóò lé ní áńpù 83. Bí ó bá jẹ́ pé bátìrì fóòtì 48 ni a lò, kò níí pé 21. Lórí iná ilé onífóòtì 230, kò níí pé márùn-ún. Ẹrù kan náà ni; bí fóòtì bá ti kéré tó ni omi tí ń sàn nínú páìpù ṣe ń pọ̀ tó, páìpù tóóró kò sì lè gbà á. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìbéèrè yìí gan-an wà nínú ìdánwò tí òun ṣe ní ọdún kejì, òun sì gba gbogbo máàkì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni ó ti ń so wáyà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kò sì wá sí i lọ́kàn rí pé ohun tí òun kọ sínú ìdánwò ni òun dì mú ní ọwọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. N kò tíì rí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó báyìí, àfi pé ó ṣòro láti sọ ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀gá mọ̀ pé wáyà yóò jó. Ó ti jó o lọ́wọ́ nígbà púpọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n kí ó tó jó, owó oníbàárà ni ó sì fi ń wádìí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ ìṣirò. Kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tí ń jẹ́ òórùn rọ́bà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣàríwísí sí ètò tí yóò gbé iṣẹ́ sólà wọ kíláàsì láìṣe pé ó gbé kíláàsì wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn olóṣèlú wa fẹ́ràn láti máa dárúkọ Jámánì bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi ìkọ́ṣẹ́. Ó dára. Ní Jámánì, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 1969, ọmọ iṣẹ́ ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, agbaniṣíṣẹ́ ń san owó fún un lóṣooṣù, ó sì ń lo apá kan ọ̀sẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, èyí tí ó pọ̀ jù níbi iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọ̀gá pàápàá ní láti yege nínú ìdánwò kí wọ́n tó pè é ní ọ̀gá. Nínú gbogbo èyí, gbígbé ọmọ fún ọ̀gá kọ́ ni àjèjì sí wa. Owó oṣù ọmọ iṣẹ́ ni àjèjì, àti ìdánwò ọ̀gá. Méjèèjì yìí ni n kì í sì í gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó lọ wò ó bọ̀.

Bí ó bá ṣe tèmi ni, ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ ni ọmọ tí ó mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ mẹ́fà náà yóò máa lò lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó wà nítòsí ilé ìwé rẹ̀. Owó tí wọn ìbá fi ra ẹ̀rọ tí yóò dógùn-ún, ọ̀gá ni kí wọ́n fún, lórí àdéhùn pé ibi gígé ni ọmọ yóò wà nígbà tí ó bá ń gé. Kí olùkọ́ fíṣíìsì náà máa bá wọn lọ, kí ó jókòó sórí àpótí, kí òun náà dọ̀tí. Àwọn kan yóò ní àwọn ọ̀gá kò níí gbà. Mo rò pé wọn yóò gbà ju àwọn olùkọ́ lọ. Wẹ́dà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó lé e.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ìyọ̀ǹda rẹ̀ ní 2024. Mo wọ agbádá lọ, mo sì jókòó síwájú. Kò sí ohun tí ó yàtọ̀ nínú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Iye ọdún ni ó wà níbẹ̀. Ó ti fọ mọ́tò ọ̀gá títí di ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ayẹyẹ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wáyà mi jó, bí wọ́n ṣe padà dé ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀gá ti na èédú sí i, tí ó ní kí ó kọ gbogbo ìṣirò náà sára ògiri: fóòtì ní òkè, wáàtì ní ẹ̀gbẹ́, ìwọ̀n wáyà ní àárín. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun ni wọ́n ń fi kọ́ níbẹ̀ báyìí. Mo yà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ṣọ́ọ̀bù náà látòkè délẹ̀, ọ̀gá sì ní kí akunlé yọ apá ibẹ̀ sílẹ̀.